Iná Tí Ó Lọ Kì Í Ṣe Iná Tí A Pa

Orógùn ni màmá mi àgbà fi ń tan fáànù balùwẹ̀ wọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Elegbeka ni mo kọ́kọ́ rí i. Oṣù Keje ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ń fọ ẹnu nígbà tí wọ́n jáde láti inú yàrá wọn: aṣọ ìnura ní èjìká, ọṣẹ dúdú ní ọwọ́ òsì, orógùn tí a fi ń ro àmàlà ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo rò pé ilé ìdáná ni wọ́n ń lọ. Àfi bí wọ́n ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, tí wọ́n na orógùn síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ lé alángbá, tí wọ́n sì fi orí rẹ̀ tẹ súwíìṣì tí ó wà lára ògiri. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, kò sí nǹkan kan. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, fáànù náà kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yí.

"Màmá, kí ni orógùn ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Ó máa ń ta mí ni," wọ́n dáhùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ èèrùn ni wọ́n ń sọ. "Láti nǹkan bí ìgbà ọdún Àjíǹde. Bí mo bá fi ọwọ́ kàn án, yóò ta mí títí dé ìgúnpá. Ṣùgbọ́n kì í ta igi."

"Ẹ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Bí mo bá sọ ọ́, ẹ óò ní kí n má wẹ̀ níbẹ̀ mọ́."

Wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, mo ń ṣírò. Láti ọdún Àjíǹde títí di oṣù Keje, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ìyá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń fi ọwọ́ tútù àti ẹsẹ̀ lásán jáde láti balùwẹ̀ wá pa ohun tí ó lè pa á. Igi ìdáná kan péré ni ó wà láàárín wọn.

Yàrá tí kò ní fèrèsé

Elegbeka wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ̀n, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí bàbá àgbà kọ́ ilé wọn síbẹ̀, kò sí balùwẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ilé ti ń wẹ̀, láàárín páànù mẹ́ta àti òkúta pẹlẹbẹ kan. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí dun Màmá, tí wọ́n sì yọ̀ ṣubú lórí òkúta náà ní àkókò òjò kan, àwọn ọmọ wọn dáwó jọ. Wọ́n sọ yàrá kékeré tí bàbá àgbà máa ń kó àpò kòkó sí di balùwẹ̀. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Oníṣẹ́ kan lu ihò sí ògiri rẹ̀ tí ó kọjú sí ìta, ó sì fi fáànù kékeré sínú ihò náà, irú èyí tí ń fa ooru àti ọ̀rinrin jáde kúrò nínú ilé.

Ẹni tí balùwẹ̀ rẹ̀ ní fèrèsé ńlá lè rò pé fáàrí ni irú fáànù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe fáàrí. Omi gbígbóná ni Màmá fi ń wẹ̀. Bí ooru omi náà kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò lẹ̀ mọ́ àjà àti ògiri, yóò tún di omi, ìbu dúdú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí hù ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìbu kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni, àgàgà àgbàlagbà tí ikọ́ kì í jìnnà sí. Nítorí náà, kí a kàn pa fáànù náà tì kì í ṣe ojútùú. Bẹ́ẹ̀ ni orógùn náà kì í ṣe ojútùú. Súwíìṣì náà ni a gbọ́dọ̀ pààrọ̀.

Mo ti rí bí a ti ń pààrọ̀ súwíìṣì rí. Ní ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ mi kan tú ọ̀kan lójú mi, ó sì fi tuntun sí i kí omi tí a gbé kaná tó hó. Súkúrúù méjì, wáyà méjì, ó parí. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ.

Ìbéèrè Màmá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ ohun tí èyí jẹ́ fún ọmọ Nàìjíríà tí ó ní iṣẹ́ iná kékeré kan láti ṣe: àyè ti ṣí sílẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é ní gbogbo ilé tí mo ti gbé rí nìyí. Bí gílóòbù bá kú, a óò dúró kí iná lọ kí a tó yọ ọ́. Bí orí wáyà ẹ̀rọ ìlọṣọ bá já, a óò fi pamọ́ di ìgbà tí iná kò bá sí. A ti sọ àìsí iná di ohun èlò iṣẹ́, bí òòlù àti ìṣó.

Mo mú súkúrúdíráfà láti inú àpótí bàbá àgbà, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo sì tú súkúrúù méjèèjì tí ó de ojú súwíìṣì mọ́ ògiri. Mo fa ojú súwíìṣì náà síwájú. Wáyà méjì yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀, pupa kan, dúdú kan, òórùn rọ́bà tí ó ti jóná sì bá wọn jáde. Màmá jókòó lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ṣé o ti pa á?" ni wọ́n béèrè.

"Màmá, iná kò sí."

"Mo gbọ́. Mo ní, ṣé o ti pa á?"

"Ẹ wò ó, gbogbo àdúgbò ló ṣókùnkùn."

Wọ́n gbé ìgbá ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀. "Èmi kò bi ọ́ nípa àdúgbò."

Inú bí mi díẹ̀. N kò níí purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n a kì í bá àgbà jiyàn ní ilé rẹ̀, nítorí náà mo fi súwíìṣì náà sílẹ̀ kí ó máa fì lára wáyà rẹ̀, mo sì rìn lọ sí iwájú ilé, níbi tí mítà àti súwíìṣì ńlá wà. Mo na ọwọ́ sí i. Kí n tó fà á sílẹ̀, gílóòbù tí ó wà lórí mi tàn. Rédíò ilé kejì bú sí orin, àwọn ọmọdé sì figbe ta láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì: "Ọ́ọ̀pù NEPA!"

Mo fà á sílẹ̀. Ilé wa nìkan ni ó tún ṣókùnkùn. Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá mítà nítorí pé orúnkún mi kò gbà mí mọ́. Ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ tí mo fi rìn láti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ dé ibẹ̀ ni ó wà láàárín èmi àti wáyà pupa yẹn. Bí Màmá kò bá tún ìbéèrè náà bi mí ní ẹ̀ẹ̀kejì ni, ìka mi ì bá wà lórí rẹ̀.

Lọ, kú, pa

Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, ó sì dùn mí pé ìyá tí kò wọ kíláàsì rí ni ó rán mi létí ohun tí èdè náà ti sọ tẹ́lẹ̀. A kì í lo ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà fún gbogbo òkùnkùn. Bí a bá tẹ súwíìṣì, a *pa* iná. Bí epo inú àtùpà bá tán, iná *kú*. Ṣùgbọ́n bí ti ìjọba kò bá sí, a máa ń ní iná *lọ*, tàbí kí a ní wọ́n *mú* un. Ohun tí ó lọ lè dé nígbàkúgbà. Kò ní kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó mú un lọ ni ó mọ ìgbà tí yóò dá a padà, ẹni náà kò sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ wà lára wáyà.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí a sọ ọ́ kò ṣe àṣírí ohun tí ó jẹ́. Iná mànàmáná ni a pè é, nítorí pé àwọn bàbá wa mọ mànàmáná ojú ọ̀run kí wọ́n tó mọ gílóòbù. Ní ọdún 1964, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ère kan síwájú ilé iṣẹ́ iná ìjọba ní Marina ní Èkó, Ben Enwonwu, ọmọ Igbo láti Onitsha, fi idẹ ṣe Ṣàngó síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé. Ẹni tí ó ni àrá ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ilé iná.

Láti ọdún 1896 ni iná mànàmáná ti dé Èkó. Ní ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ní ọdún 2005 wọ́n pa orúkọ náà dà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fi pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí NEPA kógbá sílé ṣì ń pariwo orúkọ rẹ̀ bí iná bá dé. Ariwo ayọ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ìkìlọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí pé ayé ti yí sí i: ilé tí ó ní ínfátà àti páńẹ́lì oòrùn lè ní iná nínú wáyà rẹ̀ nígbà tí gbogbo àdúgbò wà nínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ tí aládùúgbò kan so mọ́ ilé rẹ̀ láìgba ọ̀nà ṣénjíọ́fà pàápàá lè ti iná padà sínú wáyà òpópónà, kí ó sì gba ibẹ̀ wọ ilé ẹlòmíràn. Òkùnkùn kì í ṣe ẹ̀rí.

"Súwíìṣì kì í ta ènìyàn lásán"

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ láti ra súwíìṣì. Ọ̀gá oníná tí mo bá ní ìsọ̀ rẹ̀ wo àwòrán tí mo yà sórí fóònù, ó sì kọ̀ láti tà á fún mi.

"Kí ni ó ń ta ìyá àgbà rẹ?" ni ó bi mí.

"Súwíìṣì náà ni, ọ̀gá."

"Ike ni ojú súwíìṣì. Iná kì í gba inú ike kọjá. Súwíìṣì kì í ta ènìyàn lásán. Nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀." Ó ní kí n padà sílé, kí n yọ fúùsì tí ó jẹ́ ti balùwẹ̀, kí n má sì fi ọwọ́ kan ohunkóhun títí di ọjọ́ Sátidé tí òun yóò fi dé. Fún ọjọ́ méjì, Màmá fi àtùpà wẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, èmi sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí olùṣọ́.

Nígbà tí ọ̀gá dé, iná wà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a dúró kí ó lọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìgbà tí iná bá wà gan-an ni iṣẹ́ yìí yẹ. Bí iná kò bá sí, tẹ́sítà yóò sọ fún ọ pé gbogbo wáyà ayé ti kú. Báwo ni ìwọ yóò ṣe mọ èyí tí o pa àti èyí tí ó kàn lọ?"

Mo rò pé gbólóhùn yìí nìkan tó owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ó yọ fúùsì balùwẹ̀, kò sì gbé e kalẹ̀. Ó tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. "Fúùsì tí ó wà lápò mi kò lè dá padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ ilé kankan kò sì lè fi í síbẹ̀ bá mi." Lẹ́yìn náà ó fi tẹ́sítà kan ojú iná ilé ìdáná, ó tàn. Ó fi kan wáyà súwíìṣì balùwẹ̀, kò tàn. Ó tún padà lọ fi kan ti ilé ìdáná, ó tún tàn. Mo bi í ní ìdí tí ó fi padà. Ó ní tẹ́sítà pàápàá lè kú lójú ọ̀nà. Bí ó bá kú, yóò máa purọ́ pé wáyà ni ó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó mú ẹ̀rọ ìwọnná ẹlẹ́sẹ̀ méjì jáde láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé tẹ́sítà oní-súkúrúdíráfà nìkan kò tó gbọ́kàn lé.

Nígbà náà ni ó fi ohun tí ó ń ta Màmá hàn mí. Inú àpótí irin kékeré tí a rì mọ́ ògiri ni súwíìṣì náà jókòó sí. Ara wáyà pupa, èyí tí ń gbé iná wọlé, tí àwọn oníná ń pè ní láífù, ti bó níbi tí etí àpótí náà ti ń gé e. Bàbà inú rẹ̀ fara kan irin. Súkúrúù méjèèjì tí ó de ojú súwíìṣì mọ́ àpótí náà jẹ́ irin, orí wọn sì yọ sí ìta. Orí súkúrúù ni ìka Màmá ń kàn. Ọ̀rinrin balùwẹ̀ ṣe ìyókù.

"Wáyà ilẹ̀ dà?" ni mo béèrè, nítorí mo ti kà nípa rẹ̀ ní alẹ́ àná.

"Kò sí. Ẹni tí ó ṣe é kò fi sí i." Wáyà ilẹ̀ ni wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tí a ń so mọ́ gbogbo ohun tí ó jẹ́ irin, kí iná tí ó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ, kí ó sì jó fúùsì, dípò kí ó gba ara ènìyàn kọjá. Bí ó bá wà níbẹ̀ ni, fúùsì ì bá ti jó ní ọjọ́ kìíní tí wáyà pupa kan irin, ìtàn orógùn kì bá sì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí súwíìṣì náà fúnra rẹ̀ fi bàjẹ́ kò le láti mọ̀. Mọ́tò ni fáànù, iná a sì máa ta pàrà díẹ̀ nínú súwíìṣì nígbàkúgbà tí a bá pa mọ́tò. Bí súkúrúù tí ó di wáyà mú bá dẹ̀, ibẹ̀ yóò máa gbóná, ike yóò máa yọ́, dúdú yóò máa bo ojú irin tí iná ń gbà kọjá. Òórùn ike jíjóná, súwíìṣì tí ó gbóná sí ọwọ́, ìró ṣìì-ṣìì, fáànù tí a ní láti tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta: gbogbo wọn ni ó ti ń pè wá.

Ó sì sọ iye rẹ̀ fún mi. Agbára 230 fóólítì ni a ń lò ní Nàìjíríà. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì a máa fa nǹkan bí 260 mílí-áńpíà. Èyí tí ó tó láti da ọkàn ènìyàn rú kò tó ìdá mẹ́rin ìyẹn: láti nǹkan bí 30 mílí-áńpíà sókè ni ewu ikú ti bẹ̀rẹ̀. Awọ ara tí ó gbẹ a máa dí iná lọ́nà. Awọ tí ó tutù a máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ní àárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ àti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó ń ta Màmá. Ọwọ́ tútù àti ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì tútù ní alẹ́ ni n kò fẹ́ rò.

Súkúrúù mẹ́rin

Ọ̀gá fi ìyókù àárọ̀ fa wáyà ilẹ̀ láti àpótí fúùsì dé ara àpótí irin náà àti dé ibi fáànù. Ó gé ibi tí wáyà pupa ti bó, ó fi tuntun dípò rẹ̀, ó sì fi rọ́bà bo etí irin tí ó ń gé e. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi, n kò sì ní kọ́ yín ní i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan súwíìṣì tuntun, ó nà án sí mi. "Ìwọ ni o fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀. Ṣe é, mò ń wò ọ́."

Kí n tó tú ti àtijọ́ kúrò, ó ní kí n ya àwòrán bí wáyà ṣe wọ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ojú a máa gbàgbé. Mo wo àmì tí ó wà ní ẹ̀yìn súwíìṣì tuntun, mo fi wáyà kọ̀ọ̀kan sí ihò tí ó dọ́gba pẹ̀lú ibi tí ó ti wá. Mo di súkúrúù wọn, ó ní kí n fa wáyà náà díẹ̀ láti mọ̀ bí ó bá mú. Ọ̀kan yọ. Mo tún un dì. Bàbà kankan kò gbọdọ̀ yọrí sí ìta ihò. Rọ́bà wáyà gbọ́dọ̀ dé ẹnu ihò gan-an. Mo ká wáyà sínú àpótí láìfi ipá tì í, mo sì de ojú súwíìṣì mọ́ ògiri. Súkúrúù méjì fún wáyà, méjì fún ojú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi ìkánjú parí kí omi tó hó gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Ó fi fúùsì padà, kò sì jẹ́ kí n tan fáànù. Tẹ́sítà ni ó kọ́kọ́ fi kan orí súkúrúù méjèèjì. Kò tàn. Lẹ́yìn náà ni ó tó ní, "Ó yá."

Ibi tí iṣẹ́ wa mọ, ibi tí tiwọn bẹ̀rẹ̀

Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ti bi mí bóyá àwọn lè pààrọ̀ súwíìṣì fúnra wọn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé bí ti àtijọ́ bá kàn kú lásán, tí irú rẹ̀ gan-an ni ẹ fẹ́ fi dípò, tí ẹ mọ fúùsì tàbí bíréékà tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí ẹ sì ní ohun tí ẹ óò fi dán an wò, iṣẹ́ kékeré ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dúró tì yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ta ènìyàn, bí ẹ bá rí dúdú tàbí wáyà tí ara rẹ̀ ti bó, bí ẹ kò bá rí wáyà ilẹ̀, tàbí bí ohun tí ẹ bá nínú ògiri kò bá yé yín, ẹ dá a padà sí pípa, kí ẹ sì pe oníná. Àjọ NEMSA, tí òfin ọdún 2015 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ni ó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí; kò burú kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gbé ilé yín lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń ra súwíìṣì tí a ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wá àmì MANCAP ti àjọ SON lára rẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Pupa ni láífù nínú ọ̀pọ̀ ilé wa àtijọ́, dúdú sì ni èyí tí ń dá iná padà. Láti ọdún 2004 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa tiwọn dà sí àwọ̀ ilẹ̀ àti búlúù, irú wáyà méjèèjì sì wà lọ́jà wa. Inú ilé kan náà lè ní méjèèjì. Ohun tí tẹ́sítà sọ ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ohun tí ojú rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Lọ́ńdọ̀nù lè ti rí okùn tí ó so kọ́ sí àjà balùwẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fà láti tan iná. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òfin wọn kò fẹ́ kí súwíìṣì ògiri wà ní ibi tí ọwọ́ tútù ti lè tó o. Okùn kò lè gbé iná dé ọwọ́. Ohun tí okùn náà ń ṣe fún wọn ni orógùn ń ṣe fún Màmá. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a lè ní kí oníná fi irú bíréékà kan sí àpótí iná ilé rẹ̀, èyí tí yóò gé iná fúnra rẹ̀ bí 30 mílí-áńpíà bá ti ṣìnà. Àwọn oníná ń pè é ní RCD.

Bí iná bá sì ti gbé ènìyàn, ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ kọ́kọ́ pa iná láti orísun. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò, kí ẹ sì pe 112. Bí kò bá mí, kí ẹni tí ó mọ bí a ti ń tẹ àyà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ Màmá

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé náà, Màmá jáde láti yàrá wọn: aṣọ ìnura ní èjìká, ọṣẹ dúdú ní ọwọ́ òsì, orógùn ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní, "Màmá, a ti tún un ṣe." Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n dúró ṣíwájú súwíìṣì náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá gbé orógùn fún mi, wọ́n nu ìka wọn lára aṣọ ìnura lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì na ìka kan síwájú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kan ajá tí ó ti bù ú jẹ rí.

Fáànù náà yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kò ta mí," ni wọ́n wí.

Orógùn ti padà sí ilé ìdáná. Èmi ti padà sí Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo pè wọ́n láti sọ pé gílóòbù yàrá mi ti kú, mo sì ń dúró kí iná lọ kí n lè yọ ọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu mi ni mo ti gbọ́ ohun tí mo sọ. Àwọn náà gbọ́ ọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ìbéèrè wọn.

Mo dìde, mo sì lọ pa á.